Láńlọ́ọ̀dù Orí Ọ̀sà

Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n mi kan ní Ẹ̀pẹ́ kú oríire. Àwọn ẹgbẹ́ wọn ń kọ́lé sí Ajah, àwọn mìíràn ń ra ilẹ̀ sí Ìbẹ̀jú, ẹ̀gbọ́n ní orí omi ni tàwọn. Ọkọ̀ ẹja wọn, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 6, tí fífẹ̀ rẹ̀ kò pé mítà 2, ni wọ́n fẹ́ gbé kábíìnì lé. Wọ́n ní oòrùn ti pa àwọn tó, òjò náà ti pa àwọn tó, ó sì ti sú àwọn láti máa fi ọwọ́ kan di agboòrùn mú kí àwọn máa fi èkejì darí ẹ́ńjìnnì. Títí débẹ̀, ọ̀rọ̀ gidi ni. Òjò oṣù keje lórí ọ̀sà kì í ṣe ẹgbẹ́ fìlà. Ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mú bébà àti bírò jáde láti ya ohun tó wà lọ́kàn wọn ni ọ̀rọ̀ di ẹ̀fẹ̀.

Mo rí àwòrán náà. Pálọ̀ wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ n tún un sọ. Nínú ọkọ̀ tí èèyàn mẹ́ta bá wọ̀ tí wọ́n ti ń fi eékún gún ara wọn, pálọ̀ wà níbẹ̀. Síìlì POP wà níbẹ̀. Irin ojú fèrèsé wà níbẹ̀, bóyá kí òbòkún má baà fọ́lé. Wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún fáànù òkè. Ohun kan ṣoṣo tí mi ò rí ni ibi tí wọ́n máa kó àwọ̀n sí. Mo béèrè. Ẹ̀gbọ́n ní, "Ìyẹn á wà lẹ́yìn." Ẹ̀yìn wo? Ẹ̀yìn tí ẹ́ńjìnnì wà, tí ẹni tó ń da àwọ̀n máa dúró sí, tí ẹja máa bọ́ sí, tí igbá tí wọ́n fi ń gbọ́n omi wà. Gbogbo iṣẹ́ tí ọkọ̀ náà ń ṣe kí ẹ̀gbọ́n tó jẹun ni wọ́n ti lé lọ sí bọ́ìsì kọ́tà, kí ọ̀gá lè ráyè na ẹsẹ̀.

Káfíńtà tí wọ́n pè, àga ṣọ́ọ̀ṣì àti òrùlé ilé ló mọ̀ ọ́n ṣe. Ó yọ téèpù, ó wọn ọkọ̀, ó mi orí, ó kọ líìsì: pílíwúùdù 18 mìlímítà mẹ́rin, pákó tùú-báì-tíríì, páànù, ìṣó. Mo wo líìsì náà títí. Iye owó kún inú rẹ̀, àmọ́ kò síbi tí wọ́n kọ ìwúwo ohunkóhun sí. Nílẹ̀ wa, ohun tí a bá fẹ́ tà nìkan la máa ń gbé sórí ìwọ̀n. Ohun tí a bá fẹ́ rù, ọrùn ló ń wọ̀n ọ́n.

Ẹ jẹ́ ká bá káfíńtà ṣe ìṣirò tí kò ṣe. Pílíwúùdù 18 mìlímítà kan, ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 8, á wúwo tó kílò 32. Mẹ́rin rẹ̀ ti kọjá kílò 120, kí a tó ka pákó tó máa gbé e dúró, páànù, ìṣó, ọ̀dà, àti síìlì POP tí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká fojú rí. Kílò 120, ọkùnrin méjì nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, kò sí ọmọ etí ọ̀sà tí wọn ò tíì pariwo mọ́ nínú ọkọ̀ rí pé, "Jókòó! Ṣé o fẹ́ pa wá ni?" Ẹni tó bá dìde ti gbé ìwúwo ara rẹ̀ lọ sókè, ọkọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Kábíìnì pílíwúùdù yìí, ọkùnrin méjì tó ti dìde láti èbúté ni, tí wọn ò ní jókòó títí ọkọ̀ á fi padà dé, tí ẹnikẹ́ni ò sì lè bú wọn torí àwọn ló gbé òrùlé dání. Afẹ́fẹ́ tún ń bọ̀ wá bá wọn níbẹ̀. Ògiri tó ga, tó tẹ́jú, ìgbòkùn ni lójú afẹ́fẹ́. Ibi tó bá wù ú ló máa gbé e gbà, kò ní bi ẹ̀gbọ́n léèrè.

Ìyàwó wọn ń ta ẹja ní ọjà Olúwo, òun náà ló sì ń ra pẹtiróòlù sí ẹ́ńjìnnì náà. Ó jókòó, ó gbọ́ gbogbo ìṣirò yìí, ó ní òun ò lọ ilé ìwé ọkọ̀ ṣùgbọ́n òun mọ píọ̀ wọ́tà. Àpò kan, ọ̀rá 20, sẹ́ńtílítà 50 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan: lítà 10. Lítà 10 omi, kílò 10. "Olówó orí mi," ó ní, "kí ẹ tó náwó pákó, ẹ jẹ́ ká fi àpò méjìlá kọ́lé náà wò ná. Bó bá dúró, ẹ kọ́ ọ. Bí ò bá dúró, a ó mu ilé náà."

Wọ́n gbé ọkọ̀ lọ síbi tí omi ò ju ìbàdí lọ. Wọ́n kọ́kọ́ kó àpò méjìlá sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Ọkọ̀ rì díẹ̀, ó dúró jẹ́ẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín sí wa. Wọ́n wá de tábìlì mọ́ orí ìjókòó, wọ́n kó àpò méjìlá kan náà lé orí tábìlì, ní ibi gíga tí ilé máa wà. Ẹ̀gbọ́n fi ẹsẹ̀ lé etí ọkọ̀ láti wọ ilé wọn. Ọkọ̀ fì sí ọ̀dọ̀ wọn, ó fẹ́ padà, ó rò ó, kò padà mọ́. Tábìlì, píọ̀ wọ́tà àti láńlọ́ọ̀dù jọ wọ omi. Ẹ̀gbọ́n jáde pẹ̀lú fìlà abetí-ajá lórí, kò yẹ̀ rárá. Ẹ jẹ́ ká fún ọkùnrin náà ní iyì tó jẹ ẹ́. Nígbà tí àwọn ọmọ èbúté ti wẹ̀ lọ kó omi wá, wọ́n tún un dán wò pẹ̀lú àpò mẹ́rin. Ọkọ̀ fì, ó sì padà. Ìyá ẹlẹ́ja ní ká kọ ọ́ sílẹ̀: àpò mẹ́rin. Ẹni tó bá lè kọ́lé tí kò ní wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó wá.

Ẹni tó wá ni ọmọkùnrin kan tó kọ́ iṣẹ́ fáíbà níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀ èrò l'Ékòó. Ó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ó sì ní irú sùúrù tí owó iṣẹ́ kì í kárí. Ó ní ká gbàgbé pákó. Fóòmù ló máa fi ṣe àárín ògiri, fóòmù líle tí wọ́n ń pè ní PVC, tó nípọn tó mìlímítà 12. Á wá fi résìn lẹ aṣọ fáíbà mọ́ ojú rẹ̀ méjèèjì. Búrẹ́dì àti àkàrà ni, àfi pé nínú eléyìí búrẹ́dì ló lágbára, àkàrà kàn wà láàárín kí búrẹ́dì méjèèjì má sún mọ́ra. Bí èjìká èèyàn bá ti ògiri náà, ojú kan ń fún pọ̀, ojú kejì ń nà. Bí ojú méjèèjì bá ṣe jìnnà síra tó ni ògiri ṣe máa ń le tó. Pákó lásán pàápàá, bó o bá sọ nínípọn rẹ̀ di ìlọ́po méjì, líle rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́jọ. Ìyà pákó ni pé ìwúwo ń bá a lọ. Fóòmù ò mọ ìyẹn.

Ìyá ẹlẹ́ja ní kó sọ iye kílò. Ọmọ náà ní pílíwúùdù tó bá kún àpótí tó jẹ́ mítà kan lóòró, mítà kan níbùú, mítà kan ní gíga, á lọ bíi kílò 600. Irú fóòmù tí òun fẹ́ lò, kílò 80. Nítorí náà, bí a bá gé ògiri mítà kan sí mítà kan, fóòmù inú rẹ̀ ò pé kílò kan. Aṣọ fáíbà gíráàmù 600 lójú kọ̀ọ̀kan, résìn tí ìwúwo rẹ̀ bá ti aṣọ dọ́gba: gbogbo rẹ̀ kò pé kílò 3 àbọ̀. Pílíwúùdù káfíńtà, àyè kan náà, súnmọ́ kílò 11. Ògiri mẹ́ta àti òrùlé jẹ́ bíi mọ́kànlá irú àyè bẹ́ẹ̀. Ìyá ẹlẹ́ja ti fi ìka ṣe é tán kí ọmọ náà tó dákẹ́. "Àpò mẹ́rin," ó ní, "kò tilẹ̀ pé."

Inú ẹ̀gbọ́n ò dùn. Wọ́n fi èékánná tẹ fóòmù náà, ó tẹ̀. "Ìwọ ọmọ yìí, ohun tí èékánná mi wọ̀ yìí lo fẹ́ fi kọ́lé fún mi?" Ọmọ náà ní, "Ẹ má bínú sà, wọ́n ti fi irú ọgbọ́n yìí ṣe bàálù." Ó dárúkọ Mosquito, bàálù ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó kọ́kọ́ fò ní 1940, tí wọ́n fi pákó bálísà tó fúyẹ́ sáàárín pílíwúùdù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì. Ó tún ní Boeing 787 tí àwọn èèyàn ń wọ̀ kiri ayé báyìí, nǹkan bí ìdajì ìwúwo rẹ̀ ló jẹ́ fáíbà àti résìn.

"Ẹ̀fọn ni wọ́n sọ bàálù lórúkọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni sà."

"Ó já?"

"Ìgbà ogun ni sà. Àwọn kan já."

Ẹ̀gbọ́n yíjú sí gbogbo wa: "Ẹ ò rí i!"

Bẹ́ẹ̀, kì í ṣe bàálù ló ń já wọn láyà. Iye owó fóòmù PVC ni. Ẹ̀gbọ́n kì í sọ nǹkan nù. Páálí tí tẹlifíṣàn wọn bá dé láti ṣọ́ọ̀bù, fóòmù funfun inú rẹ̀ àti ọ̀rá tó bo ojú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n wọlé, wọ́n gbé e jáde. "Fóòmù kọ́ rèé?" Ọmọ náà ní rárá sà, ó sì ṣàlàyé ìdí. Ẹ̀gbọ́n ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí fẹ́ràn ọjà òyìnbó jù. Ìgbà tí ọmọ náà yà lọ jẹun, ẹ̀gbọ́n po résìn polyester, wọ́n sì fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún sójú fóòmù tẹlifíṣàn.

Styrene wà nínú résìn polyester. Òun ni òórùn tó máa ń gún ni nímú yẹn. Láti ara styrene kan náà ni wọ́n ti ń ṣe fóòmù funfun, bí àwọn méjèèjì bá sì pàdé, fóòmù á yọ́ ni. Ó yọ́. Ògiri pálọ̀ kọ́kọ́ dihò, ó rẹlẹ̀, ó sì dọbẹ̀ lójú wa. Ẹ̀gbọ́n dúró ti búrọ́ọ̀ṣì wọn. Ìyá ẹlẹ́ja béèrè bóyá kí òun gbé ẹ̀bà wá.

Ká má parọ́ mọ́ epoxy: kò ní styrene nínú, kì í sì í yọ́ fóòmù funfun. Ṣùgbọ́n epoxy wọ́n ju polyester lọ, fóòmù tẹlifíṣàn sì máa ń rún wóró-wóró bí ẹrù bá tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó lọ ra résìn olówó gọbọi nítorí àtilo fóòmù ọ̀fẹ́ ti náwó kó lè ṣahun.

Wọ́n wá ra ojúlówó. Ẹ̀gbọ́n ní ó dáa, àmọ́ àwọn làgbà, àwọn ló máa po résìn. Catalyst tí wọ́n ń fi mú polyester le kò ju gíráàmù 10 sí 20 lọ nínú kílò résìn kan. Ọmọ náà ní síkéèlì kékeré àti síríńjì. Ẹ̀gbọ́n ní ojú. Wọ́n da catalyst, wọ́n wò ó, wọ́n fi díẹ̀ sí i, wọ́n fi ti Bísímíláì lé e, wọ́n gbé bókẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ láti gba ìpè fóònù. Résìn kì í dúró de oòrùn kó tó le. Ooru ń ti inú ara rẹ̀ jáde, bó bá sì pọ̀ lójú kan nínú bókẹ́ẹ̀tì, ooru náà ò ríbi gbà. Kí ẹ̀gbọ́n tó kí ẹni tó pè wọ́n dé orí ìyàwó ilé, bókẹ́ẹ̀tì ti ń rú èéfín. Ó hó, bókẹ́ẹ̀tì tẹ̀, gbogbo rẹ̀ di òkúta pẹ̀lú igi tí wọ́n fi rò ó nínú. Ó ṣì wà ní àgbàlá wọn dòní. Òun ni ìyá ẹlẹ́ja fi ń dá ilẹ̀kùn kíṣìnnì dúró.

Ibì kan wà tí ọmọ náà gbàgbé ọ̀wọ̀. Ìgò mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ catalyst, accelerator ni. Òun ló ń mú kí résìn tètè gbọ́ ọ̀rọ̀ catalyst. Inú résìn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ da accelerator sí, wọ́n á rò ó dáadáa, kí catalyst tó kàn. Ẹ̀gbọ́n ní kí ló dé tí a ò kàn da méjèèjì pọ̀ ṣáájú ká lè ṣíwọ́ kíá, wọ́n sì ti ń ṣí ìdérí. Bí ìgò méjèèjì yìí bá pàdé ní tààràtà, iná ló ń yọ, ó sì lè bú gbàmù. Ọmọ náà gbá ìgò lọ́wọ́ àgbà, ó kígbe, lẹ́yìn náà ló wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ bínú. Wọ́n wo ìgò náà, wọ́n wo irùngbọ̀n ara wọn nínú dígí, wọ́n ní kó dìde. Láti ọjọ́ náà, ọmọ náà nìkan ló ń fọwọ́ kan catalyst, pẹ̀lú awò ńlá lójú, torí pé bí ẹ̀kán rẹ̀ kan bá ta sí ojú, ó lè fọ́ ọ.

Iṣẹ́ tí wọ́n fún ẹ̀gbọ́n ni kí wọ́n jókòó. Wọn ò jókòó. Ọmọ náà ń fi rólà fún résìn tó pọ̀ jù kúrò lára aṣọ fáíbà. Ẹ̀gbọ́n ń tẹ̀lé e lẹ́yìn, wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì dá a padà. "Fi kún un, kó lè lágbára." Aṣọ ló lágbára, sà. Résìn kàn ń di aṣọ mú ni. Èyí tó bá pọ̀ ju ohun tí aṣọ lè mu lọ, ìwúwo ni, ó sì máa ń mú kí ògiri tètè sán. Ẹ̀gbọ́n ní "ẹn-hẹ̀n", wọ́n sì tún ti búrọ́ọ̀ṣì bọ inú bókẹ́ẹ̀tì.

Nígbà tó kan òrùlé, ọmọ náà mú kọ̀m̀pírẹ́sọ̀ tó yọ lára fíríìjì àlòkù jáde. Ó fi náílọ̀n bo fóòmù àti aṣọ tó ti mu résìn, ó fi gọ́ọ̀mù dí gbogbo etí rẹ̀, ó wá fi kọ̀m̀pírẹ́sọ̀ fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, kí afẹ́fẹ́ ìta lè tẹ gbogbo rẹ̀ mọ́ra títí résìn á fi le. Iṣẹ́ ọgbọ́n gidi ni, àwọn oníbàálù náà ń ṣe irú rẹ̀. Àwọn oníbàálù kàn ní iná ni. Náílọ̀n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà mọ́ òrùlé pinpin, kọ̀m̀pírẹ́sọ̀ dákẹ́: wọ́n ti mú iná lọ. Náílọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ẹnì kan sáré lọ wá jẹnẹrétọ̀, ẹnì kejì sáré lọ wá epo tó máa wọ jẹnẹrétọ̀. Ẹ̀gbọ́n, ọkùnrin akin, ní kí wọ́n fún àwọn ní rọ́bà tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde, àwọn á fi ẹnu fà á. Ìyá ẹlẹ́ja ò tilẹ̀ wò wọ́n. Ó ní kí àwọn ọmọ kó píọ̀ wọ́tà wá, ó sì tò ó sórí òrùlé náà látòkè délẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ó fi le. Ọmọ oní-fáíbà ní bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe é nìyẹn bí kò bá sí kọ̀m̀pírẹ́sọ̀. Ìyá ẹlẹ́ja ní, "Mo mọ̀."

Ọjọ́ tí wọ́n fi sáńpépà ha ògiri, wọ́n ní kí gbogbo èèyàn wọ aṣọ alápá gígùn, kí wọ́n bo imú. Ẹ̀gbọ́n ní ooru mú, wọ́n bọ́ bùbá sílẹ̀. Aṣọ fáíbà yìí, gíláàsì ni. Gíláàsì tí wọ́n fà tín-ín-rín ju irun lọ. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n ń họ ẹ̀yìn mọ́ ara ògiri, wọ́n ní mọ̀lẹ́bí kan ló fọ́n yèrèpè sára àwọn nítorí ìlara kábíìnì. Wọ́n ti dárúkọ ẹni mẹ́ta. Wọ́n ti ránṣẹ́ pe àáfà. Ọmọ náà ní kí wọ́n fi omi tútù àti ọṣẹ wẹ̀, kí wọ́n má fi omi gbígbóná ṣe é. Wọ́n wẹ̀, ó rọlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ ọ̀la.

Ọ̀rọ̀ síkúrúù ló wá kàn. Fóòmù ò lè di síkúrúù mú. Bí wọ́n bá fi bólítì fún un, á wọlé, omi á sì tẹ̀lé e wọ àárín ògiri. Nítorí náà, gbogbo ibi tí nǹkan bá máa wà, wọ́n máa ń yọ fóòmù ibẹ̀ kúrò ṣáájú, wọ́n á fi igi líle rọ́pò rẹ̀. Ọmọ náà béèrè ohun tí ẹ̀gbọ́n fẹ́ kàn mọ́ ògiri. Ó rò pé iná kan àti ìkọ́ méjì ni. Ẹ̀gbọ́n ka tiwọn: fáànù, aago, dígí, bírákẹ́ẹ̀tì tẹlifíṣàn, kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹ̀rọ agbóhùnsókè, hánga àgbádá. Àgbádá, lórí ọ̀sà! Ẹ̀pìyà wo ló pè wọ́n síbi ìkómọ?

Fèrèsé, Perspex ni, torí gíláàsì wúwo, ó sì ń fọ́. Ẹ̀gbọ́n ní kí wọ́n fi tíńtì dúdú bò ó kí ayé má mọ ẹni tó wà nínú rẹ̀. Ta ni ì bá tún wà nínú rẹ̀? Ọkọ̀ àjẹ̀ tí kò tan iná pọ̀ lórí ọ̀sà ní ìdájí. Bí ayé ò bá rí ẹ̀gbọ́n, tí ẹ̀gbọ́n ò sì rí ayé, ìró ni wọ́n máa fi mọra. Ọ̀dà náà, àwọ̀ wáìnì tó bá léèsì wọn mu ni wọ́n fẹ́. Funfun ni wọ́n gbà nígbẹ̀yìn: àwọ̀ tó ṣókùnkùn ń gba oòrùn sára, ooru sì ń sọ fóòmù di ọ̀lẹ.

Ó ku ilẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n ti ra èyí tó ní kọ́kọ́rọ́, wọ́n tún ra àgádágodo kún un. Ìyá ẹlẹ́ja ní kí wọ́n wọlé, kí wọ́n wọ láífù jákẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n ti ara wọn mọ́lé, kí wọ́n wá sọ ibi tí wọ́n máa gbà jáde bí ọkọ̀ bá dojú dé. Ẹ̀gbọ́n tọ́ka sí ilẹ̀kùn. A rán wọn létí pé láífù jákẹ́ẹ̀tì ń gbéni lọ sókè ni. Bí ọkọ̀ bá dojú dé, òkè ni ilẹ̀ pálọ̀ wà, ìsàlẹ̀ sì ni ọ̀nà àbájáde. LASWA, àjọ tó ń rí sí ọ̀nà omi Èkó, ti wà láti 2008, wọn ò sì yé sọ fún wa pé ká wọ láífù jákẹ́ẹ̀tì. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n kò sí láífù jákẹ́ẹ̀tì tó mọ àgádágodo ṣí. Bí ilẹ̀kùn ṣe dàwátì nìyẹn. Ẹ̀yìn kábíìnì wà ní gbayawu, fèrèsé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sì gbọ́dọ̀ gba ẹni tó ni ín. Téèpù káfíńtà ni wọ́n fi wọn ikùn ẹ̀gbọ́n. Iye tó jẹ́, mi ò ní sọ. Mo kàn mọ̀ pé fèrèsé náà fẹ̀, atẹ́gùn ń wọlé dáadáa. Ìyẹn náà dára, torí ẹ̀gbọ́n ti ń wá ibi tí wọ́n máa gbé jẹnẹrétọ̀ sí nínú ilé, èéfín rẹ̀ tí kò lóòórùn ló sì ń pani jù.

Wọ́n parí rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ra irin àlòkù, wọ́n so ó rọ̀ sórí ìwọ̀n: kílò 46. Ọmọ oní-fáíbà gbé ọwọ́ lérí. Ó ṣírò, ó tún un ṣírò, ó kù díẹ̀ kó wí pé ìwọ̀n ló parọ́. Gbogbo wa yíjú sí ẹni tó ń di búrọ́ọ̀ṣì mú lẹ́yìn rólà. Ẹ̀gbọ́n ń wo ọ̀sà.

Ìyá ẹlẹ́ja ní kò burú, wọ́n á yọ ọ́ níbòmíràn. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ara bátìrì inverter 200Ah tí ẹ̀gbọ́n fẹ́ gbé sórí òrùlé nítorí fáànù: kílò 60, bátìrì tó wúwo ju ilé lọ. Ó kúrò. Fáànù tẹ̀lé e. Tẹlifíṣàn, aago, agbóhùnsókè, wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Fún kàlẹ́ńdà, ẹ̀gbọ́n bẹ̀bẹ̀, wọ́n fi í sílẹ̀. Wọ́n fi bólítì de kábíìnì mọ́ ọkọ̀, wọ́n fi gọ́ọ̀mù rírọ̀ sábẹ́ rẹ̀, torí ọkọ̀ pákó máa ń yí ara lórí ìgbì, kábíìnì tó le gan-an ò sì fẹ́ bá a yí. Ẹ̀gbọ́n jáde nínú òjò àkọ́kọ́, wọ́n dé pẹ̀lú aṣọ gbígbẹ, ọkọ̀ ò fì ju bó ṣe yẹ lọ. Mo fi tọkàntọkàn kí wọn. Àwọn ọmọkùnrin méjì tó ń da àwọ̀n lẹ́yìn rin gbingbin.

Fóòmù díẹ̀ ṣẹ́kù. Ìyá ẹlẹ́ja ní kí ọmọ náà bá òun fi kan àpótí, kó fi fáíbà bo inú àti òde rẹ̀, kó fi ìdérí tó ṣe wẹ́kú sí i. Ihò wẹ́wẹ́ tó kún inú fóòmù yẹn, afẹ́fẹ́ tó há sínú wọn kì í jẹ́ kí ooru kọjá. Yìnyín tí ì bá ti domi kí ọjà tó kún ṣì ń dá egungun òbòkún dúró ní ọ̀sán. Àwọn ẹlẹ́ja Olúwo rí i. Wọ́n ti wá ń bẹ ọmọ oní-fáíbà, àwọn mìíràn ti san owó sílẹ̀. Kò tíì sí ẹnì kan tó béèrè kábíìnì.

Ẹ̀gbọ́n ti lọ bá ọmọ náà pé àwọn gbọ́dọ̀ máa gba kọmíṣọ̀n lórí àpótí kọ̀ọ̀kan, torí àjẹkù fóòmù àwọn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ìyá ẹlẹ́ja ní kọmíṣọ̀n wà, òun á san án dáadáa, kí wọ́n kọ́kọ́ yọ owó fóòmù tẹlifíṣàn, bókẹ́ẹ̀tì tó tẹ̀, résìn kílò mẹ́jọ, àáfà, àti píọ̀ wọ́tà àpò méjìlá tí àwọn ọmọ èbúté mu.